Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Yunifásítì Ifẹ̀ àti Àwọn Tí Ó Kọ́ Ọ

Láti ìgbà tí a ti kéde pé abala yìí yóò gba ìbéèrè lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Yorùbá ni lẹ́tà ti ń wọlé, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn dá lórí yunifásítì tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀. A kó àwọn tí ó jọra pọ̀ sójú kan, a sì mú márùn-ún nínú wọn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó tọ́ kí n jẹ́wọ́ pé n kò lè sọ̀rọ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn, nítorí kò sí ẹni tí ń fi Yorùbá kọ ìwé lónìí tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìdáhùn kẹrin yóò fi ìdí ohun tí mo wí hàn.

Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú wa. Bàbá mi máa ń sọ pé Ìbàdàn ni àwọn ti kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀, àwa ọmọ sì máa ń rò pé ọjọ́ ogbó ni ó ń da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ wọn lójú. Ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí ni Yunifásítì Ifẹ̀ ń ṣe ní Ìbàdàn? — Òǹkàwé kan láti Ìkìrun

Bàbá yín kò ṣì í sọ, ẹ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ náà lò ní ìlú Ìbàdàn kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ilé-Ifẹ̀, orúkọ Ifẹ̀ ni ó sì ń jẹ́ ní gbogbo àkókò náà.

Ní ọdún 1959, Ìjọba Àpapọ̀ yan ìgbìmọ̀ kan tí Sir Eric Ashby láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ alága rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó wádìí irú ẹ̀kọ́ gíga tí Nàìjíríà yóò nílò fún ogún ọdún tí ó ń bọ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní ọdún 1960, ó dámọ̀ràn pé kí yunifásítì wà ní Àríwá, kí ó wà ní Ìlà-Oòrùn, kí ọ̀kan sì wà ní Èkó, ṣùgbọ́n kò ya tuntun kankan sọ́tọ̀ fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, torí pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948 ti wà níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Sanya Onabamiro, tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, kò fara mọ́ ọn. Ọmọ Àgó-Ìwòyè ni, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn kòkòrò inú omi tí ń kó sòbìà ran ènìyàn ti sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Ó kọ èrò tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní Ìwọ̀-Oòrùn náà gbọ́dọ̀ ní yunifásítì tirẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí Ìjọba Àpapọ̀ ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́ ti Ìbàdàn, ọmọ gbogbo Nàìjíríà ni ó sì ń wọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn nígbà náà, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ìlara láàárín ẹkùn kan àti èkejì. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1960, àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé lábẹ́ ètò náà ti ń parí ìwé mẹ́fà, gbogbo ẹni tí ó bá sì lè ṣírò mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa kan ilẹ̀kùn yunifásítì. Òbí tí ó ta kòkó láti fi rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kò ní gbà kí a sọ fún un pé àyè kò sí. Kòkó yẹn kan náà ni òpómúléró àpò ìjọba ẹkùn, èyí ni ó sì mú kí n máa sọ nígbà gbogbo pé àgbẹ̀ tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni ó kọ́ Yunifásítì Ifẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1961 ni wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìgbìmọ̀ alábòójútó fìdíhẹ fún yunifásítì náà, Olóyè Rótìmí Williams, àgbà agbẹjọ́rò, ni ó sì ṣe alága rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Ilé Aṣòfin ti ṣe òfin tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n yàn, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí tí ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà sì ni Gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ń ṣojú ìjọba àti ẹni tí ń ṣojú ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé lé lórí jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n igbó kìjikìji ni ilẹ̀ náà. Kò sí ilé, kò sí iná, kò sì sí omi ẹ̀rọ níbẹ̀. Ní Ìbàdàn ẹ̀wẹ̀, àwọn ilé tí ó jẹ́ ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Ọnà, Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Nàìjíríà wà nílẹ̀, yunifásítì tuntun sì jogún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣílẹ̀kùn ní oṣù kẹwàá ọdún 1962 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244.

Ìdùnnú àti ìbànújẹ́ ni mo máa ń rí nínú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Òfin pàjáwìrì ṣì wà lórí Ìwọ̀-Oòrùn nítorí ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, kò sí Olórí Ìjọba Ẹkùn lórí àléfà, Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí tí Ìjọba Àpapọ̀ rán wá ni ó ń ṣàkóso, síbẹ̀ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládélé Ajose, dókítà onímọ̀ ìlera àwùjọ, ni gíwá àkọ́kọ́, ìyẹn olórí tí ń darí yunifásítì. Ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ìmọ̀ òfin, sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà àti ètò ọrọ̀ ajé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ oògùn dé ipò oyè yunifásítì ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ òṣèlú kò jẹ́ kí ara rọ àwọn olùkọ́ nígbà náà, àwọn mìíràn sì kọ̀wé fipò sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká wà lára wọn.

Oṣù kìíní ọdún 1967 ni wọ́n kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ níkẹyìn, lẹ́yìn rògbòdìyàn Wẹ́tìẹ̀, àti oṣù mẹ́fà kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwasanmí, ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀, ni ó di gíwá ní ọdún 1966, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1975. Ojú rẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé tí ẹ ń wò lónìí fi dìde. Ilé ìkàwé yunifásítì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Fún bàbá yín, ẹ tún sọ fún wọn pé Ifẹ̀ kò tíì kúrò ní Ìbàdàn tán, nítorí ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Moor Plantation ṣì jẹ́ ti yunifásítì náà.

Bíríkìlà ni mí, ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yọ̀ níbi ayẹyẹ ìgboyè ní Ifẹ̀, mo sì rí ilé gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín tí òkè rẹ̀ sì fẹ̀, bí ìgbà tí a bá dojú àkàsọ̀ bolẹ̀. Ta ni ó yàwòrán rẹ̀, kí ni kò sì jẹ́ kí ó wó? — Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Inú mi dùn pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó béèrè èyí. Ilé àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti èdè ni ẹ rí. Arieh Sharon ni ó yàwòrán rẹ̀, ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni, ọmọ rẹ̀ Eldar náà sì bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ìgbà èwe rẹ̀, Sharon lọ kọ́ṣẹ́ ní Bauhaus, ilé-ẹ̀kọ́ ìyàwòrán ilé àti iṣẹ́ ọnà tí ó wà ní Dessau ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé iṣẹ́ tí ilé fẹ́ ṣe ni ó gbọ́dọ̀ sọ bí ilé yóò ṣe rí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń bá Ísírẹ́lì dòwò pọ̀ nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti omi ẹ̀rọ nígbà náà, ọ̀nà yẹn ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Iṣẹ́ tí ilé yẹn fẹ́ ṣe ni kí ó bá oòrùn àti òjò jà láìlo ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ẹ bá tún lọ, ẹ dúró sí ìsàlẹ̀ kí ẹ gbójú sókè. Ẹ óò rí i pé àjà kọ̀ọ̀kan yọ síwájú ju èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, tí ó fi jẹ́ pé àjà òkè ni agboòrùn fún àjà ìsàlẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá wà lókè, kò lè tan wọ inú yàrá. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, omi á bọ́ sílẹ̀ síwájú ògiri, kò ní fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé. Nítorí náà ènìyàn lè ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà òjò, kí atẹ́gùn máa gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Ìsàlẹ̀ tí kò fẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, nítorí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ láti rìn lábẹ́ ibòji láti ilé kan dé òmíràn.

Bí ó ṣe dúró tí kò wó, ẹ̀yin gan-an mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kọnkéré tí a fi irin sí nínú ni, bí ó sì ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo ọ̀tún àti ti òsì fi gbé ara wọn ró lórí àwọn òpó àárín, gẹ́gẹ́ bí alájàpá tí ó so ẹrù méjì tí ó dọ́gba mọ́ orí igi kan tí ó gbé lé èjìká. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé àwọn baba wa ti mọ ọgbọ́n yìí ṣáájú. Òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó gùn jáde kọjá ògiri, àti àgbàlá tí ó ṣí sílẹ̀ láàárín agbo ilé, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Àjèjì ni Sharon, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀ wo ojú ọjọ́ wa kí ó tó fi lẹ́ẹ̀dì kan bébà, ó sì ń dùn mí gidigidi nígbà tí mo bá rí àwọn ilé tuntun tí a ń kọ́ sí àwọn ọgbà yunifásítì wa lónìí, tí wọ́n fi gíláàsì dí gbogbo iwájú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó lè jókòó nínú rẹ̀ bí iná bá lọ.

Ilẹ̀ náà tóbi púpọ̀, ó ju hẹ́kítà 11,000 lọ, oko àti igbó sì ni apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n sé odò Ọpa láti pèsè omi fún ọgbà. Gbọ̀ngàn Odùduwà pẹ̀lú gbàgede ìran wíwò rẹ̀ tí kò ní òrùlé wà láàárín gbùngbùn, àwọn òkè sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Ẹni tí ó bá gba ẹnu géètì wọlé yóò rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó fojú kan ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yin náà á ti rí i.

Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, ilẹ̀ baba wa sì wà lára èyí tí wọ́n kọ́ yunifásítì sí. Ó máa ń dùn mí pé orúkọ Ifẹ̀ kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ta ni ó yí i padà, kí sì ni ìdí rẹ̀? — Àgbàlagbà kan láti Ilé-Ifẹ̀

Bàbá, mo gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn yín, n kò sì ní fi ọwọ́ kékeré mú un. Ìpele méjì ni ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1975, Ìjọba Àpapọ̀ gba àwọn yunifásítì tí ó jẹ́ ti ìjọba ẹkùn àti ti ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀, Ifẹ̀ sì wà lára wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni agbára láti pinnu ohunkóhun nípa rẹ̀ ti kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó ti lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba Nàìjíríà. Ìpele kejì dé ní ọdún 1987. Olóyè Awólọ́wọ̀ papò dà ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún náà, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ 12, ọjọ́ mẹ́ta péré, Ìjọba Àpapọ̀ lábẹ́ Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ti kéde pé Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni yóò máa jẹ́.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé orúkọ náà kò tọ́ sí Awólọ́wọ̀. Ìjọba tí ó dá sílẹ̀ ni ó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ṣe ọ̀gá àgbà onípò ọlá fún yunifásítì náà láti ọdún 1967 lẹ́yìn tí ó jáde kúrò ní ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ìkánjú pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kò tó láti pe àwọn onílẹ̀ jókòó, kò tó láti bi àwọn tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, kò sì tó láti wá ọ̀nà tí orúkọ ìlú àti orúkọ akọni yóò fi lè wà papọ̀ lára ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ìlú tí a gbà pé ibẹ̀ ni ojúmọ́ ti mọ́ wá, tí àwọn baba yín sì yọ̀ǹda ilẹ̀ tí ó tó báyìí, ó yẹ kí a bá a sọ̀rọ̀ kí a tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Síbẹ̀, ẹ tẹ́tí sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń sọ pé Awólọ́wọ̀ ni òun ti jáde. “Great Ife” ni wọ́n ń pe ara wọn, ìbáà ṣe èyí tí ó jáde ní ọdún 1970 tàbí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́dún yìí tí a bí lẹ́yìn tí wọ́n ti yí orúkọ padà. Òfin kankan kò pa á láṣẹ fún wọn.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Yorùbá ní ọjọọjọ́ Sátidé ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti gbọ́ pé Ifẹ̀ ṣe ohun ńlá kan fún èdè yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó là á yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ṣe? — Olùkọ́ kan láti Lọ́ńdọ̀nù

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ìbéèrè yín yìí ni ó mú mi kọ gbogbo abala yìí lóṣù yìí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ rọrùn láti sọ: bí a bá fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ láti ìwé kìíní títí dé ìwé kẹfà, ṣé yóò mọ̀wé tó ẹni tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́? Ìlànà tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà ni kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Ẹ ronú wò: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti ń ṣírò tí ó sì ń gbádùn rẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gba èdè tí ó fi ń ronú kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tí ó bá dákẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ọ̀lẹ ni a máa ń pè wọ́n.

Fáfúnwá kò gbà. Nínú àwọn kíláàsì tí wọ́n ti ń dán an wò, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ìṣirò, òun ni wọ́n fi kọ́ sáyẹ́ǹsì, òun náà ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọn kò pa Gẹ̀ẹ́sì tì, wọ́n ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ni wọ́n sì fi sídìí rẹ̀. Wọ́n fi àwọn kíláàsì mìíràn tí ó ń tẹ̀lé ìlànà àtijọ́ ṣe òṣùwọ̀n. Ìwé kò sí nílẹ̀, nítorí náà wọ́n jókòó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kò sí fún ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, nítorí náà wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún wọn. Adébísí Afọláyan, ẹni tí ó jẹ́ onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ifẹ̀, wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú Fáfúnwá, mo sì máa ń fi ìyẹn dáhùn fún àwọn tí ó rò pé ẹni tí ó bá gbèjà Yorùbá ti di ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì.

Èsì rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ẹ̀kọ́ wọn lápapọ̀, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Káàkiri àgbáyé ni àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ti ń tọ́ka sí Ifẹ̀ láti ìgbà náà. Fáfúnwá di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ fún Nàìjíríà láàárín 1990 sí 1992, ó sì sapá láti gbé èdè abínibí lárugẹ níbẹ̀. Pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ yunifásítì yẹn gan-an ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá lónìí, ìyẹn jẹ́ ohun tí n kò lè sọ láìsí omijé lójú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí tí ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò da Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wọn rú mọ̀ nípa ìwádìí yìí.

Ètò Fáfúnwá kò dá wà. Ẹ̀ka Èdè àti Lítíréṣọ̀ Áfíríkà ní Ifẹ̀ ni Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, ti fi Ifá ṣe ẹ̀kọ́ tí a lè fi gba oyè, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ṣì ka Ifá sí ohun tí a kì í dárúkọ láwùjọ ẹni tí ó mọ̀wé. Ó di gíwá ní ọdún 1982, ó sì lo ọdún méje. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kẹfà ọdún 1981, ó wà lára àwọn tí ó ṣètò àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ìṣẹ̀ṣe òrìṣà, yunifásítì náà sì ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọlọ́rìṣà láti Bùràsíìlì, láti àwọn erékùṣù Kàríbíà àti láti Amẹ́ríkà wá sí Ilé-Ifẹ̀, ìlú tí wọ́n ti ń dárúkọ nínú orin fún ìran mélòó kan láìfojú kàn án. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ni wọ́n ti ṣe ẹ̀kejì.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá kàwé gboyè nínú èdè Faransé ní Ìbàdàn, ó sì wá di olùkọ́ Yorùbá ní Ifẹ̀, níbi tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ eré onítàn fún wa. Ọlábíyìí Yai, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ṣe olùkọ́ Yorùbá níbẹ̀ kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ni ó ṣojú Benin ní UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ pé ààlà tí àwọn òyìnbó fà kò gé èdè yìí sí méjì. Pierre Verger, ará Faransé tí ó fi Bahia ṣe ilé, ṣiṣẹ́ ìwádìí níbẹ̀ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sé ìmọ̀ mọ́ inú ọgbà. Ní ọdún 1968, ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà ti yunifásítì dá ibùdó àṣà Orí Olókun sílẹ̀ láàárín ìlú, kì í ṣe inú ọgbà yunifásítì. Ibẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti kọ́kọ́ gbé eré rẹ̀ tí ó sọ ọ́ di olókìkí jáde lọ́dún náà, àwọn ará ìlú sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti wò ó. Wọlé Ṣóyínká tí ó ti fìbínú fipò sílẹ̀ nígbà Ìbàdàn padà wá ní àárín ọdún 1970 sí 1980, ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀ títí di 1985, ọdún kan kí ó tó gba ẹ̀bùn Nobel.

Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní Ifẹ̀, họ́ọ̀lù Mọ́remí ni wọ́n fún un ní yàrá sí. Ó ní àwọn họ́ọ̀lù mìíràn ń jẹ́ Fájuyì, Àǹgólà àti Mozambique. Kí ni ìtumọ̀ àwọn orúkọ wọ̀nyí? — Ìyá kan láti Òṣogbo

Ẹ kú oríire ọmọ, Ìyá. Mọ́remí Àjàṣorò kò nílò àlàyé púpọ̀ fún ọmọ Yorùbá, akọni obìnrin tí ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìgbèkùn kí ó lè mọ àṣírí àwọn tí ń kógun ja Ifẹ̀ ni. Adékúnlé Fájuyì ni gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, àlejò rẹ̀, ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966. Àǹgólà àti Mozambique jẹ́ orúkọ orílẹ̀-èdè méjì tí wọ́n jà gba òmìnira lọ́wọ́ Potogí ní ọdún 1975.

Ọ̀kan tún kù tí ọmọ yín kò dárúkọ, họ́ọ̀lù Awólọ́wọ̀. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ya wọ ibẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka ìmọ̀ òfin, tí gbogbo wọn mọ̀ sí Afrika, wà lára wọn. Ó wà lára àwọn tí ó kọjú ìjà sí ẹgbẹ́ òkùnkùn ní gbangba. Bí oṣù keje bá ti dé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe ìrántí àwọn márààrún, bí ọmọ yín bá sì wà nínú ọgbà lọ́jọ́ náà, ẹ sọ fún un pé kí ó bá wọn lọ.